Ẹnu Mi Ò Lè Pè É

Mo dójú ti ìyàwó àbúrò mi nínú ilé Ọlọ́run. Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá ni, níwájú gbogbo ìjọ, níbi pẹpẹ tí mo ń wò yìí. Mo já Bíbélì gbà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni já ọ̀bẹ gbà lọ́wọ́ ọmọdé. N kò ní bò ó mọ́lẹ̀. Mo ṣe é.

Ṣùgbọ́n mo jàre... àbí n kò jàre? Ayọ̀ ló wà nínú ìwé, ìdùnnú ló kà. Ta ló fún un láṣẹ? Ẹni tó bá yí ọ̀rọ̀ kan padà lónìí, odidi ẹsẹ ni yóò yí padà lọ́la. Mo ti ń sọ èyí fún wọn láti ọdún tí mo ti di díákónì. Kí a ka ohun tó wà níbẹ̀. Kí a má fi kún un, kí a má yọ nínú rẹ̀. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni pé mo sọ ọ́?

Ó dára. Mo jàre. Kí ló wá dé tí n kò lè yíjú sẹ́yìn?

Nítorí pé ẹ̀yìn ló jókòó sí lónìí. Mo rí i nígbà tí mo ń wọlé — bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, àpò ìrìn àjò ńlá kan lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Olúfúnmi tí kì í kúrò ní bẹ́ǹṣì kejì. Ó kúnlẹ̀ kí mi gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, kò sì gbójú sókè. Sanmí ọmọ rẹ̀ yóò wá gbé e lẹ́yìn ìsìn, láti Ajíbọ́dé, níbi tó háyà yàrá méjì sí lẹ́bàá yunifásítì. Kì í ṣe pé ó fẹ́ lọ kí wọn kó sì padà. Ó ń kó lọ ni. Ó ti kó adìẹ rẹ̀ fún Mùsílímátù tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa. Ó ti fọ gbogbo ìkòkò rẹ̀. Mo rí wọn láàárọ̀ yìí lórí pepele, wọ́n dojú délẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìkòkò ilé tí ẹnikẹ́ni kò ní í dáná níbẹ̀ mọ́.

Ó lé ní ogójì ọdún tó ti wà nínú agbo ilé wa. Olúyínká àbúrò mi, tó fẹ́ ẹ, kú ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Èmi náà ti sin ìyàwó tèmi. Àwa méjì péré ló kù nínú agbo ilé tó gba èèyàn mẹ́tàlélógún nígbà tí mo wà ní géńdé. Bó bá lọ —

Bó bá lọ, kó lọ. Òtítọ́ ni mo sọ.

Wọ́n ń kọrin. Mo dìde pẹ̀lú wọn. Ẹnu mi ń kọ ọ́, ọkàn mi kò sí níbẹ̀.

Jẹ́ kí n tún un rò bó ṣe rí gan-an. Ẹni tí wọ́n yàn láti ka ẹ̀kọ́ kìíní kò wá. Pásítọ̀ na ọwọ́ sí Olúfúnmi pé kó wá bá wa kà á. Ó dìde, ó wo ibi tí wọ́n ṣí fún un, ó sì ní ṣé kí ẹlòmíì kà á. Mo gbọ́ ọ. Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kó má tijú, ohùn rẹ̀ la fẹ́ gbọ́. Ló bá bẹ̀rẹ̀. Ó dé ibi èso ti Ẹ̀mí. Mo ń fi ìka kà wọ́n lórí orúnkún mi bí mo ṣe máa ń ṣe, mẹ́sàn-án ni wọ́n. Ó ka ìfẹ́. Ó ní ìdùnnú.

"Dúró níbẹ̀," mo ní. "Padà. Èwo ni ìkejì?"

"Ìdùnnú."

"Wò ó dáadáa kó o tún un kà."

Ó wò ó. Ó tún un kà. Ìdùnnú. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lápá ibi tí àwọn ọ̀dọ́ wà. Mo ti dìde báyìí. Mo sún mọ́ ọn, mo fi ìka gún ọ̀rọ̀ náà lórí ìwé, mo ní kó kà á fún mi níkẹta. Ó wo ìka mi. Ó wò mí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ tó fi jẹ́ pé àwọn tó wà níwájú nìkan ló gbọ́.

"Ẹ má bínú, ọkọ mi. Ẹnu mi ò lè pè é."

Kí ni mo wá sọ? Á, mo rántí rẹ̀ dáadáa. Mo rántí bí ó ṣe dùn mọ́ mi lẹ́nu tó.

"Lẹ́tà mẹ́ta péré! A, Y, Ọ. Ẹnu rẹ ò lè pè é? Gírámà tó o lọ dà?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Gbogbo ìjọ. Mo já ìwé gbà, mo sì ka ọ̀rọ̀ náà sókè kí àwọn tó wà níta pàápàá lè gbọ́. Ó padà sí ìjókòó rẹ̀. Kò sunkún. Bó bá sunkún ni, ì bá sàn...

Lẹ́yìn ìsìn, Pásítọ̀ rọra sọ fún mi pé, Bàbá, à bá ti pè é sí kọ̀rọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni. Mo ní ohun tí a bá bà jẹ́ ní gbangba, gbangba la ti ń tún un ṣe. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó bẹ̀rù mi. Ọ̀pọ̀ wọn ló bẹ̀rù mi. Mo máa ń rò pé ó dára bẹ́ẹ̀.

Mùsílímátù kò bẹ̀rù mi ní tirẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ló wọlé, ó gbé asẹ́ tó yá padà wá, kò sì gbé e kalẹ̀.

"Ọba ìwé," ó ní, "ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ pé ẹ lu ọ̀rẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Mo ní n kò lu ẹnikẹ́ni.

"Ẹnu lẹ fi lù ú. Ẹ tiẹ̀ bi í léèrè? Nígbà tó ní ẹnu òun ò lè pè é, ṣé ẹ bi í pé kí ló dé?"

Mo ní kí ni mo fẹ́ bi í. Ẹni tí kò bá mọ ọ̀rọ̀, kò mọ̀ ọ́n. Ó ní Olúfúnmi tó ń ka lẹ́tà àwọn ọmọ òun fún òun láti ogún ọdún wá, òun ni kò mọ A, Y, Ọ? Mo ní kó sọ ohun tó mọ̀ fún mi nígbà náà. Ó ní rárá, kì í ṣe ẹnu tòun ló yẹ kí n ti gbọ́ ọ. Ó gbé asẹ́ kalẹ̀, ó lọ. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti lóorun dáadáa.

Nítorí òótọ́ ni. Ó mọ̀wé. Ta ló mọ̀ ọ́n jù mí lọ?

Òun ló kọ́ mi.

Ọmọ ogójì ọdún ni mí kí n tó lè kọ orúkọ mi. Ọ̀sán Sátidé la máa ń kàwé àgbà nígbà náà, nínú yàrá kan lẹ́yìn ọjà Ìrókò, àwa àgbẹ̀ tí ọwọ́ wa ti le tí a kò mọ bí a ṣe ń di ṣọ́ọ̀kì mú. Bí mo bá délé, n óò jókòó sábẹ́ igi ọsàn pẹ̀lú ìwé mi. Olúfúnmi á máa yìn àgbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, á kọ ẹ̀yìn sí mi. N óò máa kà á sókè. Bí mo bá ṣì í, kò ní í bojú wẹ̀yìn. Yóò kàn sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yẹ, jẹ́ẹ́, bí ẹni ń bá àgbàdo ọwọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. N óò gbà á, n óò máa bá tèmi lọ. Bí àwọn èèyàn bá kọjá, kò ní í sọ ohunkóhun. Á jẹ́ kí n ṣì í títí wọn yóò fi lọ, lẹ́yìn náà á tún un ṣe fún mi. Ọdún méjì gbáko. Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú agbo ilé pé òun ló ń kọ́ mi, kódà Olúyínká kò mọ̀. Olúyínká rò pé mo mọ̀wé yára ni.

Ó kọ́ mi láìjẹ́ kí ojú tì mí rí. Èmi wá...

Mo jókòó. Wọ́n ti kọrin tán, ó ti pẹ́, èmi nìkan ni mo ṣì dúró.

Ogójì ọdún. Ibi tí mo ti kọ́ ìwé gan-an nìyẹn, lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tó dé ilé wa, òjò rọ̀ láti ọ̀sán. Láti Ìjàyè ni wọ́n ti mú un wá, nínú ọkọ̀ akẹ́rù tó rì sínú ẹrẹ̀ ní ìyànà oko wa. Àwa ọkùnrin lọ tì í. Mo ṣì ń gbóòórùn ọjọ́ náà — ilẹ̀ tútù, epo ọkọ̀, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ sínú agbada lẹ́yìnkùlé. Wọ́n fi omi tútù wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá wa ń rẹ́rìn-ín, a sì ń rí àlàfo eyín rẹ̀ tó yọ. Ilé kún. Kò sí àyè láti na ẹsẹ̀. Mo máa ń bínú nígbà náà pé ariwo pọ̀ jù nínú ilé wa. Ariwo! Kí n rí ariwo lónìí...

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ wá lórúkọ. Kò sí ìyàwó tó máa dárúkọ àwọn tó bá nílé ọkọ. Ẹni tó bá ti wà nínú ilé kó tó wọlé, ọkọ rẹ̀ ni, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Orúkọ tó bá wù ú ló máa fún un. Gbogbo wa tò síwájú rẹ̀, à ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá wa ni Olóore. Èmi, mo fi pẹ́ńsù sétí, èyí tí mo fi ń fa ìlà sára àpò gbàgúdá kí n lè mọ iye rẹ̀. Ó rí pẹ́ńsù náà, ó ní, "Akọ̀wé mi." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé n kò mọ̀wé. Nígbà tó mọ̀, ó wá bá mi lẹ́yìnkùlé, òun nìkan, ó ní òun yóò yí i padà. Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fi ọdún mẹ́jọ jẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tèmi, kí n tó lọ wá a lẹ́yìn ọjà.

Lẹ́yìn mi ni àbígbẹ̀yìn wa wà. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́fà ni. Kò dúró kí ó kan òun, ó ti sáré so mọ́ aṣọ ìyàwó, ó ń fà á, ó ní kí wọ́n sọ òun náà lórúkọ, kíá, kíá. Olúfúnmi gbé e sókè. Ó ní, "Ọkọ mi kékeré, Ìdùnnú ni èmi á máa pè ọ́."

Ìdùnnú.

Ìdùnnú...

Ọlọ́run mi.

Ayọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Àbúrò mi. Ayọ̀ ni bàbá wa sọ ọ́, nítorí pé ìyá wa ti rò pé òun kò ní í bímọ mọ́. Ayọ̀ ni wọ́n ń pè é kó tó di pé —

Ìgbà wo ni mo ti dárúkọ rẹ̀ kẹ́yìn? N kò rántí. Ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí ibà ọjọ́ mẹ́ta mú un lọ. Lọ́jọ́ tí a sin ín, ìyá wa dúró ní àárín agbo ilé, ó ní òun kò fẹ́ gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. A gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Kódà lẹ́yìn tí ìyá wa kú, a kò dá a padà. Ó dà bí yàrá tí a tì, tí a kó ẹrù sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tí a wá gbàgbé pé ilẹ̀kùn wà níbẹ̀.

Nígbà tí olùkọ́ kọ ọ̀rọ̀ náà sí pátákó ní ìwé àgbà, ọdún kẹrin tí a sin ín ni. A, Y, Ọ. Olùkọ́ ní kí a má gbàgbé àmì abẹ́ Ọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ ayò la kọ. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo fi àmì sí i. Mo gba máàkì. Mo lọ sílé. Lẹ́tà mẹ́ta ni mo rí. N kò rí ọmọ náà.

Ọmọ tó máa ń gun orí ebè tó ga jù, tó máa ń pariwo sí igbó kí igbó dá a lóhùn. Tó máa ń jẹ eèpo iṣu sísun ṣáájú iṣu. Bí a bá ń bọ̀ láti oko, orí èjìká mi ló máa ń wà, á di etí mi méjèèjì mú bí ìjánu ẹṣin, á ní kí n yà sí ọ̀tún, kí n yà sí òsì. Bí Olúfúnmi bá gbọ́ ohùn wa láti ọ̀nà, á jáde síta, á na ọwọ́ méjèèjì. Ìdùnnú dé! Ìdùnnú mi dé! Òun ló wẹ̀ ẹ́ nígbà tí ibà náà mú un. Òun ló gbé e sẹ́yìn lọ sí ìdí ọkọ̀...

Ẹnu mi ò lè pè é.

Ohun tó ń sọ nìyẹn. Pé ẹnu òun kò lè pe ọkọ òun. Èmi, nínú ìmọ̀ ìwé mi, lẹ́tà ni mo rò pé kò lè pè. Ó wojú mi kó tó sọ ọ́. Ó pè mí ní ọkọ mi, níbẹ̀, lórí pẹpẹ, níbi tó yẹ kó pè mí ní Díákónì. Ó ń ràn mí létí ni. Ó rò pé èmi nìkan nínú gbogbo ilé ìsìn yìí ni yóò yé.

Mo ti rí i tẹ́lẹ̀. Ní ọdún Kérésì, bí orin bá dé ibi ọ̀rọ̀ náà, á pa ẹnu rẹ̀ dé. Mo rò pé èémí rẹ̀ ló kúrú. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ ọmọ Sanmí ní orúkọ tó ní ọ̀rọ̀ náà nínú, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yí i padà, mo sì sọ lójú àlejò pé àṣejù ìyá àgbà ni. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ti ilẹ̀kùn yẹn, òun ló ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àbúrò mi ni.

Mo sì já ìwé gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo pariwo orúkọ àbúrò mi lé e lórí, kí àwọn èèyàn lè rẹ́rìn-ín.

Jésù Olúwa.

Ìgbà mẹ́ta ni mo ti kọ́ kíláàsì àgbà ní ẹ̀kọ́ náà pé bí arákùnrin rẹ bá ṣẹ̀ ọ́, lọ bá a, ìwọ àti òun nìkan. Mo mọ orí rẹ̀, mo mọ ẹsẹ rẹ̀. Mo fi àmì sí gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ. Kí ló dé tó jẹ́ pé nígbà tó kàn mí, ẹsẹ̀ mi ti gbé mi dé iwájú pẹpẹ kí ọkàn mi tó rò ó lẹ́ẹ̀kan, ká má tiẹ̀ sọ lẹ́ẹ̀mejì? Ohun kan ṣoṣo ló yẹ kí n sọ. Kí ló dé, ìyàwó wa? Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Olúwabùnmi ńkọ́, ọmọ akọrin tí mo lé síta nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ nítorí pé ó pẹ́ dé, tí kò padà wá mọ́? N kò bi òun náà. Mélòó ni wọ́n? N kò mọ̀. N kò mọ̀ rárá, nítorí pé n kò bi ẹnikẹ́ni rí.

Pásítọ̀ ti dé ibi ìkéde. Ó ń sọ nípa ìpàdé àwọn obìnrin, nípa páànù òrùlé tó ń jò. Tó bá parí, yóò béèrè bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà a ó gbàdúrà, ilẹ̀kùn yóò ṣí.

Mo lè bá a níta. Kí n fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan... Bẹ́ẹ̀ ni, ní kọ̀rọ̀, bí Olúwa ṣe wí. Rárá. Nígbà tó jẹ́ pé òun ni mo rò pé ó ṣẹ̀, n kò mọ kọ̀rọ̀. Báyìí tó jẹ́ pé èmi ni mo ṣẹ̀, mo ti mọ ọ̀nà kọ̀rọ̀. Àwọn tó rẹ́rìn-ín jókòó síbí. Wọn yóò máa sọ ọ́ kiri pé kò mọ lẹ́tà mẹ́ta, yóò sì ti wà ní Ajíbọ́dé.

Ṣùgbọ́n bí mo bá dìde, mo gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀. Kò sí bí mo ṣe lè ṣàlàyé láìdárúkọ rẹ̀. Ahọ́n mi ti wúwo. Àṣé bó ṣe rí nìyí. Àṣé bó ṣe rí lára rẹ̀ nìyí lórí pẹpẹ, tí mo dúró tì í, tí mo fi ìka gún ìwé.

Pásítọ̀ ní ṣé ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀.

Ọwọ́ mi ti di ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì iwájú mú. Orúnkún mi ń dùn mí. Mo dìde. Mo yíjú kúrò níbi pẹpẹ, mo kọjú sí ẹ̀yìn, sí ilẹ̀kùn. Ó ti gbójú sókè. Gbogbo wọn ti yíjú. N kò mọ ohùn wo ni yóò jáde.

"Ẹ̀yin ará, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dójú ti Olúfúnmi níbí, ẹ sì rẹ́rìn-ín nítorí pé èmi ni mo mú yín rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé kò mọ̀wé. Òun ló kọ́ èmi tí ẹ ń wò yìí. Ọ̀rọ̀ tí ẹnu rẹ̀ kò lè pè yẹn, orúkọ àbúrò mi obìnrin ni. Ayọ̀... Ayọ̀ ni à ń pè é. Ó ti wà nílé kí ìyàwó wa tó wọlé, ìyàwó wa kò sì dárúkọ rẹ̀ rí, láti ìgbà tó wà láàyè títí di òní. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo ti gbàgbé. Ìyàwó wa, n kò bi ọ́ léèrè. Ó yẹ kí n bi ọ́. Mo ṣẹ̀ ọ́, mo sì ṣẹ Ọlọ́run. Jọ̀wọ́, dárí jì mí."